Ìpín Tí Ìlú Yàn àti Ẹrù Tí Ọmọ Aráyé Dì Rù Ú

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa difá ní ọrọọrún. Nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni àwọn baba wa kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìyípadà ayé pamọ́ sí: pé kò sí ìran kan tí Elédùmarè tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ tí kì í yẹ̀ tàbí sábẹ́ òjò tí kì í yẹ àdéhùn, pé odò tí ó kún fún baba lè gbẹ mọ́ ọmọ lójú, pé ọjà tí ìyá ná tí ó fi kọ́lé lè tú kí ọmọ tó gbé igbá dé ibẹ̀, àti pé ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀míì, kí ẹni tí yóò bá pẹ́ láyé máa wá ọgbọ́n tuntun kún ti àná. Nítorí náà ìyípadà kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ baba wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ó bá sì rò pé ojú kan ni wọ́n dúró sí títí ọkọ̀ òyìnbó fi gúnlẹ̀ kò tíì mọ̀ wọ́n. Lóde òní, nígbà tí òjò ń ṣi àkókò mú, tí òkun ń jẹ etí ilẹ̀, tí iye ohun tí àgbẹ̀ àti apẹja ń tà sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹni tí wọn kò lè fojú rí láéláé, a ń gbọ́ ìyìn púpọ̀ nípa bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń fara da gbogbo rẹ̀. Ìyìn náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyìn, nítorí pé bí a kò bá dáhùn rẹ̀, ìyìn gan-an lè di ọ̀nà tí a fi ń gbàgbé ẹni tí a ń yìn. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó yan ìyípadà tí wọ́n ń fara dà?

Àwọn Yorùbá ní ẹ̀kọ́ kan nípa ìpín ènìyàn tí ó lè là wá lójú nínú ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní kí ẹ̀dá tó wọ ilé ayé, ó kúnlẹ̀ níwájú Olódùmarè, Ọba àìkú, Ọba atẹ́rẹrẹ káríayé. Ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn ní ìkúnlẹ̀ ni àkúnlẹ̀yàn; ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ kí ó lè rí ìyàn náà mú ṣẹ ni àkúnlẹ̀gbà; ohun tí a sì yàn mọ́ ọn tí kò ní í ṣí, irú bíi pé a bí i ní ọkùnrin tàbí ní obìnrin, ní agbo ilé báyìí àti ní ọjọ́ báyìí, ni àyànmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà parí sí, ènìyàn ìbá jókòó kí ó káwọ́ lérán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun kẹrin wà tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá, tí kò sì ti ọ̀dọ̀ Olódùmarè wá: ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Orí rere lè wá sáyé kí ọmọ aráyé sì dí i lọ́nà. Ẹni tí ó yan ọlá lè wà nínú ìṣẹ́ nítorí pé ẹlòmíràn ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí nǹkan bá ṣe fi ń tọ ẹ̀yìn Ifá lọ. Kì í lọ kí ó lè mọ bí yóò ti gba ìyà mọ́ra nìkan, ó ń lọ kí ó lè mọ orírun ìyà náà. Nítorí pé ohun tí Orí yàn ni a ń fi sùúrù gbé, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, lọ́wọ́ ènìyàn ni a ti ń béèrè rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí àròkọ yìí fi hàn, ni pé ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí a máa fi wọn ìyípadà tí ń dé bá odidi ìlú. Ìyípadà kan wà tí ìlú fẹnu ara rẹ̀ yàn; òmíràn wà tí ilẹ̀ àti omi fi lé e lọ́wọ́ láti máa bá gbé; òmíràn sì wà tí ọmọ aráyé dì, tí wọ́n gbé rù ú, tí wọ́n sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọ̀run ni ẹrù náà ti já bọ́. Ẹni tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní àyànmọ́, ti ṣe àìdáa sí ènìyàn, ó sì ti purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi, àwọn ọmọ Olúgbò ti Ugbò àti ọmọ Amàpetu ti Màhìn, tí ilẹ̀ wọn wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti parí tí òkun sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ugbò a máa fọwọ́ sọ̀yà pé Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá sáyé, ni àwọn baba àwọn ti ṣí wá. Wọ́n ní àwọn ni onílẹ̀ níbẹ̀ kí rògbòdìyàn ìgbà Odùduwà tó lé wọn jáde, ìtàn Mọ́remí tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà sì ní apá tiwọn tí wọ́n ń rò fún ọmọ wọn. Bí ó bá rí bí wọ́n ti ń rò ó, a jẹ́ pé ọmọ orí ilẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó di ọmọ orí omi, pé ìran tí ó ti ń fi ọkọ́ yẹ orí Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ nígbà kan rí ni ó kọ́ bí a ti ń fi àjẹ̀ la ojú ọ̀sà. Ìyípadà tí ó tóbi tó báyìí kò sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Wọ́n mú oyè wọn dání, wọ́n mú èdè wọn dání, wọ́n mú ìtàn wọn dání, wọ́n sì fi omi kún ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n dó sí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ kò lè mọ bí ọgbọ́n wọn ti jìn tó. Etí òkun Màhìn kò ní yanrìn púpọ̀ bí ti Èkó tàbí ti Àgbádárìgì. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ rírọ̀ tí ó lọ salalu, tí kò sì fi ohun púpọ̀ ga ju omi lọ. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí òkè òpó, wọ́n sì fi pákó ṣe afárá láti ilé dé ilé, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé ibẹ̀ ń mọ ọkọ̀ tù ní ọjọ́ orí tí ọmọ òkè ń kọ́ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ lọ sóko. Omi yí wọn ká, síbẹ̀ ti òjò ni wọ́n ń gbè sílẹ̀ fún mímu, nítorí pé iyọ̀ wà nínú ti òkun. Ọkùnrin ń da àwọ̀n fún ṣáwá àti edé, obìnrin ń yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ, kí ó tó di pé a gbé e lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá, níbi tí gààrí àti iṣu àwọn ará òkè ti ń dúró dè é. Nígbà tí ẹja bá sì ṣí, apẹja a tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ọmọ Ìlàjẹ ní Mákòókò ní Èkó, tí a sì ń rí wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èbúté mìíràn lẹ́bàá òkun. Gbogbo ọgbọ́n yìí ni mo kà mọ́ àkúnlẹ̀gbà. Òkun fi àṣẹ tirẹ̀ lélẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì mọ àṣẹ ọ̀hún. Ìgbì a máa wá, a sì máa padà, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò wá àti ibi tí yóò dé. Ìbẹ̀rù Olókun Sẹ̀níadé tí wọ́n ní kì í ṣe ìbẹ̀rù òpè, ìmọ̀ nípa ààlà ni: ibi tí agbára ènìyàn parí sí àti ibi tí ti omi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyípadà tí wọ́n yàn ńkọ́? Kò sí àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó ṣe kedere ju ìlú Ayétòrò lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí wọ́n ti rí inúnibíni láàárín àwọn ará wọn nítorí pé wọn kò bọ òrìṣà mọ́ tí wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ pa ìbejì, kó ara wọn jáde lọ tẹ ìlú tuntun dó lórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, wọ́n sì pinnu láti máa gbé gẹ́gẹ́ bí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ti sọ pé àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ gbé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pe ohun ìní kan ní tirẹ̀. Ẹja tí a bá pa di ti gbogbo ìlú. Ẹni tí ó hun aṣọ, ẹni tí ó rán bàtà àti ẹni tí ó kan ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ láìgba owó ọ̀yà. Láti inú àpò kan ni a sì ti ń bọ́ wọn, tí a ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tí a ń kọ́ ilé fún wọn. Lábẹ́ ọba wọn, Ogelóyìnbó, ìlú náà gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí iná mànàmáná fi ń tàn níbẹ̀ láti ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń fi àtùpà elépo ríran. Àwọn tí a rò pé wọ́n wà ní ẹ̀yìn odi ayé ni wọ́n wá kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, tí àwọn àlejò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá láti wo bí wọ́n ti ṣe é.

Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n tú ìdè náà díẹ̀díẹ̀. A gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì máa dá jẹun. Àwọn kan tí wọ́n kọ ìwé nípa ìlú náà pe èyí ní ìṣubú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí ó sọ pé kí a máa jùmọ̀ ní ohun gbogbo ni ẹnu tí ó sọ pé kí a pín in. Ilé ìjọsìn kò wó, oyè kò parẹ́, ìlú kò tú. Níbí ni a ti lè mọ àmì ìyípadà tí ènìyàn yàn: ẹni tí ó yàn lè tún yàn. Ó lè ṣi í yàn, ó lè jìyà rẹ̀, ó sì lè padà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Òtítọ́ kan náà wà nínú ìtàn kòkó. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò kò dára mọ́ fún àwọn oníṣòwò Èkó, àwọn kan nínú wọn, J. K. Coker sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, lọ dá oko kòkó sí Agége. Àwọn lébìrà tí wọ́n gbà síbẹ̀ mú irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ padà lọ sí ìlú wọn, ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti kòkó sì jọ wọ ọ̀pọ̀ abúlé. Kò sí ẹni tí ó fi kùmọ̀ lé àgbẹ̀ lọ sí ìdí kòkó. Wọ́n wò ó, wọ́n rò ó, wọ́n gbìn ín, wọ́n sì tún òfin ilẹ̀ ṣe nítorí rẹ̀, tí àlejò fi lè gbin igi tí yóò pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn mú kòkó ní agbègbè Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1940, tí ìjọba sì ń rán ènìyàn wọ oko olóko láti gé igi lulẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí wọn kò bínú sí ìyípadà rí fárí gá. Àrùn náà jẹ́ òtítọ́, ìjọba sì lè ní ìmọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ó dun àgbẹ̀ ju igi lọ ni pé ẹlòmíràn ni ó mú àdá, ẹlòmíràn ni ó sì sọ ìgbà tí a óò lò ó.

Nísinsìnyí ni a óò wá padà sí etí òkun, kí a wo oríṣi ìyípadà kẹta. Ní ọdún 1956 ni a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, nínú ilẹ̀ àwọn aládùúgbò Ìlàjẹ ní ìhà ìlà-oòrùn, kò sì pẹ́ tí àwọn awapo fi dé omi Ìlàjẹ pẹ̀lú. Kí ọkọ̀ wọn lè ráyè kọjá, a la ojú omi tuntun láti òkun wọ inú irà. Òkun kì í sì í wo ẹni tí ọ̀nà wà fún. Ó bá ọ̀nà náà wọlé, omi iyọ̀ da àwọn omi aláìníyọ̀ rú ní agbègbè Awoye, àwọn igi tí kò mọ iyọ̀ kú ní òòró, ẹja tí ń pamọ sábẹ́ wọn sì wábi gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun orí pèpéle epo tí a ń pè ní Parabe lórí òkun láti béèrè ohun tí a óò ṣe nípa ilẹ̀ àti omi wọn. Ọmọ ogun dé, ìbọn dún, ọ̀dọ́ méjì sì kú. Ọ̀ràn náà di ẹjọ́ tí ó rìn dé ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ epo tí ó ni pèpéle náà láre ní ọdún 2008. Kì í ṣe ẹjọ́ tí a ti dá ni mo fẹ́ tún dá níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn gbé lọ sórí omi: wọ́n kọ̀ láti gbà pé kíkú igi àti ṣíṣí ẹja jẹ́ àyànmọ́, wọ́n sì lọ wá ẹni tí wọ́n gbà pé ó dì í.

Yàtọ̀ sí èyí, òkun fúnra rẹ̀ ń gòkè. Èéfín tí àwọn ẹ̀rọ ayé ti tú sójú sánmọ̀ láti ìgbà tí a ti ń fi èédú àti epo ṣiṣẹ́ ti mú kí ayé gbóná. Yìnyín orí òkè ń yọ́, omi tí ó gbóná sì ń gbà ju àyè tirẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1901 sí 2018, ojú òkun gbogbo ayé gòkè tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Fún ẹni tí ó kọ́lé sórí àpáta, èyí kò tó ohun tí a ń pariwo lé lórí; fún ìlú tí a tẹ̀ dó sórí ẹrẹ̀ tí kò ga ju omi lọ, ikú àti ìyè ni. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilé lọ ní ìlà sí ìlà, ó ti gbé ibi iṣẹ́ tí àwọn baba fi ọwọ́ ara wọn kọ́, ó ti dé ibi tí a sin òkú sí, àwọn ará ìlú sì ti ní láti ṣí ilé ìjọsìn wọn sẹ́yìn níwájú rẹ̀. A gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá omi dúró jáde fún wọn ní ọdún 2004. Odi náà kò dìde. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò sì tú ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú lọ́dọọdún, ká má tilẹ̀ sọ ti ìlú apẹja kan lẹ́bàá ọ̀sà.

Nígbà tí irú ìyà yìí bá dé, oríṣi olùtùnú méjì ni ó máa ń wá. Èkínní ni ìran àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, tí wọ́n jókòó ti ọkùnrin náà ní ọjọ́ méje láìfọhùn, tí wọ́n sì sàn ní ìgbà tí wọ́n dákẹ́ ju ìgbà tí wọ́n la ẹnu lọ. Nítorí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé ìyà kì í jẹ aláìṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé àwọn ará ìlú náà ti yà kúrò nínú májẹ̀mú àwọn baba wọn, àwọn mìíràn sì ń sọ pé Olókun ń gba ẹ̀san lára àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 1947. Ẹ wo bí ẹnu méjèèjì ti pàdé níbi kan náà: àwọn méjèèjì wá ẹlẹ́ṣẹ̀ láàárín àwọn tí ilé wọn wó, kò sì sí èyí tí ó béèrè ẹni tí ó tú èéfín. Nínú ìwé Jóòbù, Ọlọ́run bínú sí àwọn olùtùnú wọ̀nyẹn, ó sọ pé wọn kò sọ òtítọ́ nípa òun. Bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ṣe ìdájọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe ìfọkànsìn ni ó ṣe, ẹ̀sùn èké ni.

Olùtùnú kejì kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Ó ní ìlú gbogbo ni ó ń kú lọ́jọ́ kan, pé Ìlàjẹ ti mọ bí a ti ń ṣí kiri tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún ṣí. Ó ní irú ènìyàn wọ̀nyí lágbára, wọn yóò yè é. Èyí ni ìyìn tí mo bẹ̀rù ní ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ayé tí ó ń gùn lórí èédú àti epo ń yìn ẹsẹ̀ àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì ń fi okun tí wọ́n ní ṣe ìdí tí kò fi yẹ kí òun sọ̀ kalẹ̀. Òtítọ́ ni pé Ìlàjẹ mọ bí a ti ń ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, bí apẹja bá ṣí tẹ̀ lé ẹja, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tí ó lè padà sí. Ẹni tí ó ń lọ tí ó sì ní ibi tí yóò padà sí jẹ́ arìnrìn-àjò. Ẹni tí a lé tí ilé rẹ̀ sì ti di ìsàlẹ̀ òkun, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́.

Àwọn Ìlàjẹ fúnra wọn ní ìtàn kan tí ó dá olùtùnú méjèèjì lóhùn, ìtàn Ayélála ni. A gbọ́ pé ní ayé àtijọ́, ọkùnrin Ìlàjẹ kan dá ọ̀ràn ńlá, ó sì sá lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ̀. Ogun fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìran méjèèjì, kí àlàáfíà sì lè wà, wọ́n fi ẹrúbìnrin kan tí kò mọwọ́ mọsẹ̀ rọ́pò ọ̀daràn náà, wọ́n fi í rúbọ. Àwọn tí wọ́n ṣe é rò pé ọ̀ràn ti parí. Kò parí. Obìnrin náà di òrìṣà, òrìṣà tí ń mú olè, tí ń mú èké, tí ń mú ẹni tí ó da májẹ̀mú, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ba Ìlàjẹ, ba Ìkálẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bá wọn tan. Mo ti ro ìtàn yìí pẹ́ títí. Ìran tí ó sọ ọ́ mọ̀ pé òun ti ṣe ohun búburú, pé a ti gbé ẹ̀bi alágbára lé orí aláìlágbára. Wọ́n sì gbà láti ìgbà náà pé lọ́dọ̀ ẹni tí a rẹ́ jẹ gan-an ni òdodo ti ń wá, pé ìtẹ́ ìdájọ́ wà ní ibi tí aláìṣẹ̀ ti ru ẹrù ẹlẹ́ṣẹ̀. Kristẹni kò ní í rí èyí gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun, nítorí pé lórí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tirẹ̀ náà dúró lé. Bí a bá wá bi Ayélála léèrè nípa òkun tí ń jẹ Ayétòrò, mo gbà pé kò ní í béèrè ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí wọ́n ń sunkún. Ẹni tí ó jẹ èrè ni yóò béèrè.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n má ṣí, kí wọ́n dúró títí omi yóò fi mu wọ́n dé ọrùn? Rárá o. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Ibi tí a sin ìwọ́ ọmọ sí àti ibi tí a sin baba sí kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń tàfàlà. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ti fi hàn ní 1947 pé májẹ̀mú lè jáde kúrò ní ibi kan kí ó sì fìdí múlẹ̀ ní ibòmíràn, bí àwọn tí ó so pọ̀ bá jọ gbé e, tí wọ́n sì jọ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Panama, ìran kan ń bẹ tí a ń pè ní Guna, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní àwọn erékùṣù kéékèèké nínú òkun. Ní ọdún 1925 wọ́n dìde sí ìjọba tí ó fẹ́ fi ipá gba aṣọ àti ìṣe ìbílẹ̀ wọn, wọ́n sì jà títí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣàkóso ilẹ̀ ara wọn. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ní erékùṣù Gardi Sugdub, tí àyè sì há mọ́ wọn, ní gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú wọn ni wọ́n ti jókòó rò ó fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nǹkan bí 300 ìdílé gba ilé tuntun lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jẹ́ ti Guna fúnra wọn. Àwọn kan kò lọ, a kò sì fi ipá lé wọn. Ilé tí a kọ́ fún wọn kò jọ ilé baba wọn, ìdààmú wọn kò sì tíì tán. Àwọn náà kò dá èéfín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹrù tí a dì rù wọ́n, wọ́n rí àyè kékeré kan láti yàn: ìgbà tí wọn yóò lọ, ibi tí wọn yóò lọ, àti àwọn tí wọn yóò jọ lọ. Àyè kékeré yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ìlú tí ó ṣí àti ìlú tí ó tú.

Èyí ni ó mú mi gbà pé ohun tí ń sọ ìran kan di ìran kò sí nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé nìkan, kò sì sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé Ìlàjẹ ti pààrọ̀ méjèèjì rí tí wọ́n sì ṣì jẹ́ Ìlàjẹ síbẹ̀. Ó wà nínú agbára láti jọ jókòó kí wọ́n sì jọ yàn. Ẹni tí ó bá gba àwọ̀n lọ́wọ́ wọn ti gba oúnjẹ ọdún kan. Ẹni tí ó bá gba yíyàn lọ́wọ́ wọn ti gba Orí wọn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ran irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ gbọ́, yálà odi ni wọ́n ń fẹ́ tàbí ilẹ̀ tuntun. Bí ó bá jẹ́ odi, kí a mọ ọ́n kí ó parí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀, kí a fún wọn ní èyí tí ó tó gbogbo wọn papọ̀, kí a má fọ́n ẹ̀gbọ́n sí ìpínlẹ̀ kan àti àbúrò sí òmíràn, kí ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti orúkọ àwọn tí a sin sínú ilẹ̀ tí omi gbé lọ bá wọn lọ. Kí owó rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jẹ èrè epo àti èédú wá, láti òkèèrè àti láti àárín àwa fúnra wa, nítorí pé ìjọba tí ó gba owó epo Ìlàjẹ tí kò sì mọ odi fún wọn wà lára àwọn tí ó di ẹrù náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Gbèsè ni èyí, kì í ṣe àánú. Ẹni tí a ṣàánú fún gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè lè béèrè, ó lè sọ pé kò tó, ó sì lè sọ pé kì í ṣe irú èyí ni òun fẹ́. Mo gbàdúrà kí àwọn ará etí òkun wa máa béèrè bẹ́ẹ̀ láìtijú, kí àwa tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ sì jọ béèrè pẹ̀lú wọn. Ohun tí Olódùmarè bá yàn mọ́ wa, a óò gbé e títí dé òpin, a kò sì ní í bi Í léèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ aráyé dì rù wá, ọmọ aráyé ni yóò wá sọ̀ ọ́.